Ọgbọ́n Inú Eérú: Ìtàn Àwọn Ìyá Aláró Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, wọ́n sì fi òwe náà kìlọ̀ fún ọmọ ènìyàn pé ìwà tí a bá hù ni yóò padà wá bá ni. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé tí wọn kì í da eérú nù rárá, tí wọ́n ń kó o jọ láti ìdí ààrò kan dé ìdí ààrò kejì, tí wọ́n ń pò ó, tí wọ́n ń sun ún, tí wọ́n ń sẹ́ omi jáde lára rẹ̀, tí wọ́n sì ti ipasẹ̀ eérú yìí tọ́ ọmọ yanjú, tí wọ́n fi sin òbí wọn, tí wọ́n fi jẹ oyè, tí wọ́n sì di ẹni tí à ń yà fún lọ́nà ọjà. Àwọn ni ìyá aláró, àwọn náà ni ìyá ọlọ́ṣẹ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, láàárín èéfín àti òórùn aró, ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe lónìí nínú yàrá ìwádìí tí a fi dígí àti irin alágbára tò: wọ́n ń sun nǹkan láti pa á dà, wọ́n ń fi omi yọ ohun tó wúlò kúrò lára ohun tí kò wúlò, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń dán agbára rẹ̀ wò, wọ́n sì ń mú un kan títí yóò fi di ohun mìíràn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àròkọ yìí: pé ìmọ̀ kẹ́mísìrì tó pé, tó sì jinlẹ̀ ni iṣẹ́ aró àti ọṣẹ nílẹ̀ wa, àti pé bí ọjà ayé tilẹ̀ borí rẹ̀, kò sí ẹni tó fi ìmọ̀ borí rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ àná. Nígbà tí Hugh Clapperton, ọ̀gá ojú omi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá, ti Àgbádárìgì gòkè wọ ilẹ̀ wa ní ìparí ọdún 1825, ó dé Ìjánná, ìlú tó wà lábẹ́ àṣẹ Aláàfin nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé òun rí àwọn ilé aró tí ìkòkò ńláńlá inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní ogún, pé àwọn obìnrin ni aláró, àti pé aró tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dára púpọ̀, kì í sì í tètè ṣí lára aṣọ. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ogún ìkòkò lójú kan túmọ̀ sí: ó túmọ̀ sí amọ̀kòkò tó ń rí ìkòkò tà, agégi tó ń rí igi tà, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń pọn omi láti òwúrọ̀ dé alẹ́, owó tí a ti dì sílẹ̀ ṣáájú kí èrè tó dé, àti olórí kan tó mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ogún ìkòkò náà yóò tó lò. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, ka aró àti ọṣẹ mọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn obìnrin.

Bí a bá sì fẹ́ mọ iyì tí àwọn ènìyàn kan fi fún iṣẹ́ kan, kí a wo ẹni tí wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀ láàárín àwọn òrìṣà. Ìyámọ̀pó ni àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ń ké pè, ìbáà jẹ́ amọ̀kòkò, ìbáà jẹ́ aláró. Ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, ọmọ Yèyé Ọ̀ṣun, ìtàn ìtẹ̀dó ìlú náà sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn gé igi kan tó wó lu odò, ohùn kan ké láti inú ibú wá pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Àwọn tó kọ́kọ́ pa ìtàn náà kò rí ohun tí wọ́n lè fi ṣe ọlá fún Ọ̀ṣun, obìnrin inú omi náà, ju pé kí wọ́n sọ pé aláró ni. Agbe náà, ẹyẹ tí a ń sọ nínú àdúrà wa pé òun ló ni aró, kò dé ipò bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe pé aró fúnra rẹ̀ jẹ́ ọrọ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé aró. Ìdí igi ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo igi ni eérú rẹ̀ mú, aláró tó gbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ èyí tó mú àti èyí tí kò mú. Ọlọ́ṣẹ náà mọ̀ pé eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti ṣùkù ọ̀pẹ, àti ti èèpo kòkó láti ìgbà tí kòkó ti dé ilẹ̀ wa, lágbára ju ti ọ̀pọ̀ igi lọ. Òtítọ́ ni, nítorí ohun tí omi ń yọ lára eérú ni iyọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní potassium carbonate, àwọn èèpo wọ̀nyí sì kún fún un. Nígbà tí eérú bá pọ̀ tó, àwọn aláró a fi omi pò ó pẹ̀lú eérú àtijọ́ tí a ti sẹ́ omi rẹ̀ tán, wọn a mọ ọ́n ní ìṣù, wọn a tò ó sínú iléru amọ̀ tí igi ìdáná wà lábẹ́ rẹ̀, wọn a sì tanná sí i, iná náà a sì máa jó láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni sísẹ́. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé lé ara wọn. Ajere ni ti òkè, tí a dá ihò sí nídìí. Odidi ni ti ìsàlẹ̀, òun ni yóò gba omi. Wọn a tẹ́ ohun kan sórí ihò náà, tí yóò dá eérú dúró tí kò sì ní dá omi dúró, wọn a fọ́ ìṣù eérú tó ti jinná sínú ajere, wọn a sì rọra máa da omi sí i. Omi náà a wọ inú eérú lọ, a kó agbára rẹ̀, a sì máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kánjú da omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò rí omi tó pọ̀ tí kò ní láárí. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá ti ń kán, ìyá àgbà a fi ìka kan omi náà, a fi kan ahọ́n. Bí ó bá ta ahọ́n tó bí ó ti yẹ, tó sì ń yọ̀ láàárín ìka méjì, ó ti tó nìyẹn. Bí kò bá tíì tó, a dà á padà sórí eérú. Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tó ń se ọṣẹ nílé a máa gbé ẹyin adìyẹ sórí irú omi bẹ́ẹ̀ láti wò ó bóyá yóò léfòó. Bí a bá fi ahọ́n wò ó, bí a bá fi ẹyin wò ó, ìbéèrè kan náà ni à ń bi omi náà: báwo ni agbára rẹ ti pọ̀ tó?

Mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi dúró díẹ̀ lórí ìṣù eérú tí a tún sun yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ náà wà. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò béèrè pé kí ló dé tí a tún ń sun ohun tí iná ti jó tán. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iná àkọ́kọ́ kì í jó igi tán. Èédú wẹ́wẹ́ a ṣẹ́kù sínú eérú, a sì máa ba omi jẹ́, ṣùgbọ́n iná kejì a jó o tán pátápátá. Èkejì ni pé ẹfun wà nínú eérú igi, bí ẹfun yìí bá sì rí iná tó gbóná tó, apá kan rẹ̀ a yí padà di ẹfun sísun, èyí tó ń hó tí ó bá kan omi. Ní ọdún 1756, Joseph Black, oníṣègùn àti onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilẹ̀ Sìkọ́tílándì, tẹ ìwé kan jáde tó di ìpìlẹ̀ kan fún ìmọ̀ tuntun. Ohun tó fi hàn nínú rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kan wà tó dì mọ́ ara ẹfun, pé iná ni ó ń lé e jáde, àti pé bí ẹfun sísun bá pàdé omi eérú, yóò gba afẹ́fẹ́ náà kúrò lára omi eérú, omi eérú yóò sì wá mú gidigidi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí tí ìṣù sísun fi dára ju eérú lásán lọ wà nínú ìwé Black, ọ̀nà tí a ń gbà sun ún sì wà lọ́wọ́ ìyá aláró.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1790, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí kò tíì pẹ́ tó gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹnì kan ní ìwé ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba wọn fi dáàbò bo ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun. Orúkọ ọkùnrin náà ni Samuel Hopkins, Ààrẹ George Washington fúnra rẹ̀ ni ó sì buwọ́ lu ìwé náà. Kí ni Hopkins hùmọ̀? Ó ní kí a kó eérú, kí a tún un sun nínú iléru, kí a tó fi omi yọ agbára rẹ̀, kí a jẹ́ kí omi náà tòrò, kí a sì sè é gbẹ títí yóò fi di iyọ̀. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kọ́ ọ, n kò sì rí ohun tó lè mú ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti kọ́ ọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹni tó bá sì fi ara balẹ̀ wo iná àti eérú fún ìgbà pípẹ́ yóò rí ohun tí iná àti eérú ní láti fi hàn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yẹ ní àgbéyẹ̀wò: níbi kan, olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé, orúkọ ẹni tó ṣe é kò sì parẹ́ mọ́, níbòmíràn, ìyá fi ọwọ́ han ọmọ, ọmọ fi han ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ sì wà láàyè ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rò ó wọlẹ̀ lọ.

Ọmọ ìyá eérú nínú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀lú. Inú igbó ni ẹ̀lú ti ń hù, ó ń fà mọ́ igi gòkè, àwọn onímọ̀ ewéko sì ń pè é ní Lonchocarpus cyanescens. Ó yàtọ̀ sí Indigofera tinctoria tí àwọn ará Íńdíà ń gbìn, ṣùgbọ́n aró kan náà ni ó ń ti ara àwọn méjèèjì jáde. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n ń já, wọn a gún un nínú odó títí yóò fi kúnná, wọn a mọ ọ́n ní ìṣù, wọn a sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi gbẹ. Irú ìṣù bẹ́ẹ̀ ṣeé kó pamọ́, ó ṣeé rù lọ sí ọjà jíjìn, nípa bẹ́ẹ̀ aláró tó wà ní àárín ìlú kò ní láti máa gbé inú igbó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú odó àti nínú ìkòkò jẹ́ ohun ìyanu. Nígbà tí ewé ẹ̀lú wà lórí igi, kò sí aró kankan tí ojú lè rí nínú rẹ̀. Ohun kan tí kò ní àwọ̀ ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Bí ọmọ odó bá fọ́ ewé náà, ohun náà a tú sílẹ̀, a bá afẹ́fẹ́ pàdé, a sì di aró. Ṣùgbọ́n aró yìí ní àléébù ńlá kan: kò lè yọ́ nínú omi, ohun tí kò bá sì yọ́ kò lè wọ inú òwú. Nítorí náà ni a ṣe nílò omi eérú. Aláró a kó ìṣù ẹ̀lú sínú ìkòkò ńlá, a da omi eérú lé e, a bò ó, a sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó kan. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí a ṣiṣẹ́ nínú omi náà, wọn a lo ọ́síjìn inú rẹ̀ tán, wọn a yí aró padà di irú tó ń yọ́, aró a bọ́ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, omi a di àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n mọ́ àwọ̀ ewé, ìfófó a bo ojú rẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì gba àdúgbò kan. Ìgbà náà ni aró tó ṣeé wọ aṣọ. Bí a bá ti aṣọ bọ̀ ọ́, tí a sì yọ ọ́, àwọ̀ ewé ni yóò fi jáde. Kí a tó ṣẹ́jú mélòó kan, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á ti dá aró padà sí bó ti wà, aró á sì ti dì sínú òwú níbi tí omi kò ti lè fọ̀ ọ́ jáde mọ́. Ìtìbọ̀ kan kò tó. Bí aláró bá fẹ́ kí aṣọ dúdú kirimú kirimú, yóò tì í bọ̀ ọ́, yóò fà á yọ, yóò fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, yóò sì tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà.

Gbogbo èyí ni aláró ń darí láìní òṣùwọ̀n ooru, láìní òṣùwọ̀n agbára omi, bí kò ṣe ojú, imú, ahọ́n àti ìka ọwọ́. Bí omi eérú bá mú jù, a pa àwọn ohun abẹ̀mí inú ìkòkò náà. Bí ó bá rọ jù, ìkòkò á rà dípò kí ó kan. Bí òtútù bá mú un, iṣẹ́ á dúró. Bí a bá rò ó jù, afẹ́fẹ́ á wọlé, aró á tún di aláìyọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi fi èèwọ̀ àti ètùtù yí ìkòkò aró ká, tí wọn kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn sún mọ́ ọn, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń lo ọdún púpọ̀ ní fífọ́ eérú àti pípọn omi kí a tó jẹ́ kí ó dá ìkòkò tirẹ̀ sílẹ̀. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ní Kánò, níbi tí àwọn ọkùnrin ti jẹ́ aláró, inú kòtò tí a gbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ. Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin ló ni ín, ìkòkò amọ̀ ni wọ́n sì ń lò, èyí sì mú kí ó ṣeé ṣe láti mú oríṣiríṣi aró dàgbà lójú kan, èyí tó mú fún aṣọ dúdú, èyí tí agbára rẹ̀ ti ń dínkù fún aṣọ tí kò ní dúdú jù.

Omi eérú kan náà ni ó ń lọ sí ìdí ọṣẹ. Ọlọ́ṣẹ a sè é títí yóò fi ki, a pò ó mọ́ àdín tàbí epo pupa, a máa rò ó lórí iná, a máa fi kún un, títí epo kò fi ní jẹ́ epo mọ́, tí eérú kò ní jẹ́ eérú mọ́, tí àwọn méjèèjì á di ọṣẹ dúdú tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, tí a fi ń fọ aṣọ, tí oníṣègùn sì fi ń po oògùn. Ọdún 1823 ni Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, tẹ ìwé tó fi ṣàlàyé jáde, pé ọ̀rá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, pé omi eérú ni ó ń tú u sí méjì, apá kan a di ọṣẹ, apá kejì a di glycerine. Àlàyé rẹ̀ tànmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe kí a tó bí i.

Níbi tí ìtàn yìí ti yí padà, òkun ni ó gbé ìyípadà náà wá. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, epo pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò tí òwò náà fi sílẹ̀ ní etíkun wa, ìlú Liverpool ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń gúnlẹ̀ sí. Ní àsìkò yìí kan náà, igi ti ń wọ́n ní Yúróòpù, eérú kò sì tó fún ilé ọṣẹ, ilé dígí àti ilé aṣọ mọ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas Leblanc, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1791 lórí ọ̀nà tí a fi lè rí sódà, ohun tó lè gba ipò eérú, láti ara iyọ̀ ọbẹ̀ láìsun igi rárá, láti ọdún 1823 sì ni James Muspratt ti gbé ọ̀nà náà wọ Liverpool. Èéfín kíkan ti ilé sódà wọn ba oko àti igi jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin lé e lórí ní ọdún 1863. Báyìí ni epo ilẹ̀ wa ṣe pàdé sódà lókè òkun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó orí ọṣẹ kúrò ní ọdún 1853, William Lever bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ Sunlight ní ọdún 1884, kí ọdún 1923 sì tó kọjá, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa ṣe ọṣẹ ní Àpápá. Epo tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ padà dé ní búlọ́ọ̀kù, a sì ń fi owó rà á.

Ti aró kò pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé e. Ní Jámánì, Adolf von Baeyer kọ́kọ́ ṣe aró láìlo ewé ní ọdún 1878, ó sì mọ bí a ti to ara rẹ̀ jọ pátápátá ní ọdún 1883. Ní ọdún 1897, lẹ́yìn làálàá àti owó tabua, ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kò pẹ́ rárá kí oko aró Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í di igbó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ohun kan níhìn-ín: aró Jámánì àti aró ẹ̀lú, ohun kan náà ni wọ́n. Kò sí onímọ̀ tó lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ti mọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tó wà nínú kọ́sítíìkì sódà inú agolo àti agbára tó wà nínú omi eérú jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ohun tí òyìnbó tà fún wa ni àkókò: kò sí igi gígé mọ́, kò sí sísun mọ́júmọ́, kò sí dídúró de ajere.

Abẹ́òkúta, ìlú tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ni ọ̀ràn yìí ti dé ojú rẹ̀. Aṣọ funfun láti Manchester ń wọlé, ọkọ̀ ojú irin ti so ìlú náà pọ̀ mọ́ Èkó, Ìtòkú sì ti di ọjà àdìrẹ tí àwọn oníṣòwò láti Senegal àti Gold Coast ń wá nà. Nígbà tí òwò ń gbóná, àwọn aláró mú sódà àti aró òyìnbó lò, wọn kò sì ṣe é láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fi ohun tuntun náà sábẹ́ ọgbọ́n àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìnira ọrọ̀ ajé dé ní àwọn ọdún 1930, àwọn oníbàárà ń kùn pé aró ń ṣí, ẹ̀sùn sì já lé sódà lórí. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba ìlú náà, fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Ní ọdún 1936 àwọn obìnrin aláró dìde, wọ́n kò ó lójú, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Àwọn tó rò pé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni aró yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n bá rántí pé ọ̀ràn ohun tí obìnrin ń pò sínú ìkòkò rẹ̀ ti kó ọba àti ìgbìmọ̀ jókòó rí.

Ní tèmi, mo gbà pé àwọn méjèèjì ní ẹjọ́ tó dára. Ọba ń dáàbò bo orúkọ ìlú rẹ̀ lọ́jà. Àwọn obìnrin ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ láti yan irinṣẹ́ rẹ̀. Sódà kì í ba aṣọ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n, ìkánjú ni ó ń bà á jẹ́: ìtìbọ̀ tí kò tó iye, aṣọ tí a kò fọ̀ dáadáa lẹ́yìn aró, aró tí a bu omi là nítorí èrè. Òtítọ́ kejì tó yẹ kí a sọ ni pé omi eérú a ta ahọ́n, ṣùgbọ́n sódà a máa jẹ ẹran ara. Ìyá tó ń fi ahọ́n dán omi eérú wò kò gbọdọ̀ dán sódà wò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí irinṣẹ́ yí padà, ọ̀nà tí a ń gbà mọ ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó bá àwọn ìyá wọ̀nyí jókòó láti sọ ìmọ̀ ahọ́n di ìmọ̀ òṣùwọ̀n. Ní ojú mi, àdánù gidi nìyí. Sódà wà lórí igbá títí di òní, ajere eérú sì ti di ohun tí a ń wá kiri.

Síbẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àwọn aláró àgbà ṣì wà ní Òṣogbo àti ní Abẹ́òkúta, ọlọ́ṣẹ dúdú sì pọ̀ káàkiri. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí kòkó ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ti lè fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ, ìyẹn ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti padà wá bá ìyá ọlọ́ṣẹ ní ìdí eérú rẹ̀. Ohun tó kù ni kí a ṣe é dé ojú àmì. Kí a kọ orúkọ igi tí eérú rẹ̀ mú sílẹ̀, igi kan tẹ̀lé òmíràn. Kí a wọn bí iléru ti gbóná tó àti iye wákàtí tí ìṣù fi ń jinná. Kí a mú òṣùwọ̀n lọ bá omi tí ìyá àgbà bá ní ó ti tó, kí a sì kọ iye tí ahọ́n rẹ̀ sọ. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ahọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. Nínú ìwé kẹ́mísìrì tí àwọn ọmọ wa ń kà, níbi tí a bá ti ń kọ́ wọn ní yíyọ iyọ̀ pẹ̀lú omi àti sísẹ́ omi, ó yẹ kí orí kan wà tí Joseph Black, Samuel Hopkins àti ìyá aláró yóò jọ dúró sí, kí ọmọ tó ń kà á lè mọ̀ pé ìmọ̀ tí òun ń kọ́ kì í ṣe àlejò ní ilé bàbá òun, àti pé ìyá tó bí ìyá òun lè ti jẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀.